Òdòdó Ọ́kíìdì Yín Ti Rẹ̀ Tán: Bí Ẹ Ó Ṣe Mú Un Tún Tanná

Ìtànná àkọ́kọ́ kì í ni èèyàn lára. Ọ́kíìdì wọlé pẹ̀lú òdòdó lórí, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, ó ṣì ń tàn. Nígbà tó bá yá, òdòdó á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí á fi ku ewé mẹ́rin àti ọ̀pá lásán. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á gbé e sọnù torí wọ́n rò pé ó ti kú. Àwọn kan á tọ́jú ẹ̀ fún ọdún méjì, ewé á tutù bí ewé ọ̀dúndún, òdòdó kò ní yọjú. Àwọn tó kù á fi omi kẹ́ ẹ títí gbòǹgbò á fi rà.

Ọ́kíìdì tí òdòdó rẹ̀ ti rẹ̀ kò kú. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń dí i lọ́nà àtitún tanná: gbòǹgbò tó ti bàjẹ́, ìmọ́lẹ̀ tí kò tó, àti ooru tí kì í lọ sílẹ̀. Bí mo ṣe tò wọ́n yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe yanjú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ pé òtútù ló ń mú un yọ ọ̀pá òdòdó, wọ́n á wá gbé èyí tí kò ní gbòǹgbò kan ṣoṣo tó dáa lọ sínú òtútù. Kì í bọ̀ níbẹ̀.

Irú tí mò ń sọ ni Phalaenopsis, ọ́kíìdì afòpiná, torí òdòdó rẹ̀ jọ afòpiná tó na ìyẹ́. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, wọ́n yọ lọ́tùn-ún lósì láti ọrùn kan ṣoṣo. Bí tiyín bá ní kókó tó wú bí àlùbọ́sà ní ìdí ewé, irú mìíràn ni, ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe èyí.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìkòkò ike tó ń fi inú hàn, tó ní ihò púpọ̀ nísàlẹ̀. Fún ọ́kíìdì tó ti dàgbà, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 sábà máa ń tó.
- Èérún èèpo igi tí wọ́n ń tà fún ọ́kíìdì. Èèpo igi páìnì ló wọ́pọ̀ jù.
- Sísọ́ọ̀sì tàbí bíléèdì tó mú, pẹ̀lú sípíríìtì ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún (70%) àti òwú.
- Ajílẹ̀ tó ń yọ́ nínú omi. Èyí tí wọ́n kọ 20-20-20 sí lára dáa.
- Tẹmómítà kékeré, pàápàá irú tó máa ń rántí ìwọ̀n tó ga jù àti èyí tó lọ sílẹ̀ jù láàárín ọjọ́ kan. Ẹ má fojú kéré èyí. Láìsí i, àbá lẹ máa máa dá.
- Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti ìdè rírọ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Iyẹ̀pẹ̀ kò sí nínú ohun tí ẹ nílò. Ì báà jẹ́ ilẹ̀dú tó lọ́ràá jù lọ, bí ẹ bá fi gbin ọ́kíìdì yìí, inú ẹ̀ ló máa rà sí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo gbòǹgbò kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun

Nínú igbó, orí igi ni ọ́kíìdì yìí ń gbé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè pè é ní afòmọ́, àmọ́ afòmọ́ a máa fa omi ara igi mu, ọ́kíìdì kì í mu nǹkan kan lára igi tó gbé e dání. Ó kàn fi gbòǹgbò dì mọ́ èèpo igi ni. Òjò á rọ̀ sí i lára, afẹ́fẹ́ á sì gbẹ ẹ́ láìpẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbòǹgbò rẹ̀ fi nípọn bí okùn, tí awọ funfun tó rí bí kànrìnkàn sì bò ó. Awọ yẹn ló ń fa omi, òun náà ló sì ń mí. Bó bá wà nínú omi lójoojúmọ́ tí kò rí afẹ́fẹ́, á rà, ohun tó máa ṣẹ́ kù ò ju fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ.

Ẹ tẹ ara ìkòkò náà yí ká, kẹ́ ẹ rọra fa ọ́kíìdì jáde. Bí gbòǹgbò bá lẹ̀ mọ́ ike, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tú. Ẹ gbọn èèpo igi àtijọ́ kúrò, ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò, kẹ́ ẹ wá fi ìka méjì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò.

Gbòǹgbò tó dáa á le lọ́wọ́. Bí omi bá ti kàn án, á ní àwọ̀ ewé. Bó bá gbẹ, á funfun bíi fàdákà. Èyí tó ti bàjẹ́ á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, á dúdú tàbí kó pọ́n bí èèpo igi, bí ẹ bá sì fà á, awọ ara rẹ̀ á bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, fọ́nrán inú rẹ̀ á kù sí yín lọ́wọ́. Èyí tó gbẹ furufuru, tó pẹlẹbẹ, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, òun náà ti kú, àmọ́ àìrómimu ló pa á.

Ẹ fara balẹ̀ wo àárín ìdì gbòǹgbò náà, lábẹ́ ọrùn gan-an. Ẹ lè bá mọ́ọ̀sì (ewéko rírọ̀ tó ń gba omi sára bíi kànrìnkàn) kékeré kan níbẹ̀ tí wọ́n ti fún pọ̀, èyí tí wọ́n fi gbin ọ́kíìdì náà nígbà tó wà lọ́mọdé. Èèpo igi tó yí i ká lè ti gbẹ pátápátá kí mọ́ọ̀sì yìí ṣì rin gbingbin. Mo gbà pé ohun tó ń pa ọ́kíìdì tí wọ́n fi ń ta èèyàn lọ́rẹ jù nìyí, torí olówó rẹ̀ kì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ fi ìka yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kó má fa gbòǹgbò tó dáa já.

*Ibi tí èèyàn ti ń ṣìṣe:* Gbòǹgbò tó yọ láti ara ọrùn tó wá ń rìn kiri nínú afẹ́fẹ́ kì í ṣe àìsàn. Bó ṣe ń gbé lórí igi nìyẹn. Ẹ má gé e, ẹ má sì fi tipátipá tì í sínú ìkòkò, á ṣẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka gbòǹgbò tó le tó sì dáa. Bó bá tó márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè máa retí òdòdó láàárín ọdún yìí. Bí kò bá ju méjì lọ, ẹ mú ọkàn kúrò lórí òdòdó ná. Iṣẹ́ yín lọ́dún yìí ni pé kó ní gbòǹgbò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gé èyí tó rà, kẹ́ ẹ gbé e sínú ìkòkò tuntun

Ẹ fi sípíríìtì nu ẹnu sísọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún nu ún kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí ọ́kíìdì mìíràn. Àrùn tó ń ràn láti ara ọ̀kan sí èkejì wà, ẹnu irin ló sì ń gbà jù. Ẹ gé gbogbo ohun tó rọ̀ àti ohun tó gbẹ, títí dé ibi tí ara gbòǹgbò ti le. Ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ẹyọ kan tó ń rà lè ba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Rírẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rẹ èérún èèpo igi sínú omi mọ́jú, torí èyí tó gbẹ kì í tètè gba omi. Ẹ wá ìkòkò tí gbòǹgbò máa kún pẹ́kípẹ́kí. Ẹ gbé ọ́kíìdì sí àárín, kí ìdí ewé tó wà nísàlẹ̀ jù bá ojú èèpo igi dọ́gba, kẹ́ ẹ máa da èérún sí i yí ká, kẹ́ ẹ sì máa gbá ara ìkòkò pẹ́pẹ́ kó lè wọ àárín gbòǹgbò. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìkòkò ńlá ló ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Wọ́n rò pé bí ààyè bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dàgbà tó. Rárá. Ibi tí gbòǹgbò kò dé ni omi ti ń dúró, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Ní ti àkókò, èyí tó dáa jù ni ìgbà tí òdòdó ti rẹ̀ tán, tí ẹ sì rí i pé gbòǹgbò tuntun ti ń yọ ẹnu tútù. Èèpo igi a máa jẹrà láàárín ọdún kan sí méjì, torí náà bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ bí gbòǹgbò bá ti ń rà, ẹ má dúró de àsìkò kankan. Ọjọ́ tí ẹ rí i ni kẹ́ ẹ ṣe é.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ di ọrùn ọ́kíìdì náà mú, kẹ́ ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ìkòkò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bó bá ń mì jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀, ẹ ki èérún sí i tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ dè é mọ́lẹ̀, torí gbòǹgbò tuntun kì í lè dì mú ibi tó ń mì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pinnu ohun tí ẹ máa fi ọ̀pá àtijọ́ ṣe

Bí ọ̀pá bá ti gbẹ, ẹ gé e ní ìdí, kó ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Bó bá ṣì tutù, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ka oríkèé ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ gé e ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sókè oríkèé kẹta. Ẹ̀ka tuntun lè yọ láti ojú oríkèé yẹn, kó sì tanná láàárín oṣù díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdòdó rẹ̀ máa ń kéré, kì í sì í pọ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kẹ́ ẹ gé gbogbo rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ọ́kíìdì fi okun rẹ̀ ṣe ewé àti gbòǹgbò, kó sì yọ ọ̀pá tuntun tó lágbára nígbà tó bá yá. Èmi ò gé e sí oríkèé àfi tí gbòǹgbò bá pọ̀, tí ewé sì ju mẹ́rin lọ. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tó nǹkan, gígé pátápátá ló tọ́ sí i, bó ti wù kí ọ̀pá rẹ̀ tutù tó.

Nígbà mìíràn, dípò òdòdó, ewé kéékèèké méjì ló máa yọ lójú oríkèé. Ọmọ ni. Ẹ fi í sílẹ̀ lára ìyá rẹ̀ títí gbòǹgbò tirẹ̀ á fi gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ wá gé e pẹ̀lú ọ̀pá díẹ̀, kẹ́ ẹ gbìn ín sí ìkòkò kékeré.

Ìgbésẹ̀ 4: Omi

Àwọn èèyàn á bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń kó bá ọ́kíìdì. Nínú èèpo igi, ó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ méje síra. Nínú mọ́ọ̀sì, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Àmọ́ ooru, ìmọ́lẹ̀, bí ìkòkò ṣe tóbi tó, àti bí afẹ́fẹ́ ilé ṣe gbẹ tó, gbogbo wọn ló ń yí i padà. Gbòǹgbò ni kẹ́ ẹ máa wò, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra ìkòkò tó ń fi inú hàn.

Bí gbòǹgbò tó wà lára ike bá ṣì ní àwọ̀ ewé, tí ìrì sì wà lára ike nínú, omi ṣì wà. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti di fàdákà, tí ìkòkò sì fúyẹ́ lọ́wọ́, ó ti tó àkókò.

Ẹ gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi láàárọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣàn gba inú èèpo igi kọjá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Tàbí kẹ́ ẹ gbé ìkòkò sínú abọ́ omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó wù kẹ́ ẹ ṣe, ẹ jẹ́ kó ro tán kẹ́ ẹ tó gbé e padà sáyè rẹ̀.

*Ibi tí èèyàn ti ń ṣìṣe:* Méjì ló wà níbí, méjèèjì sì burú. Èkíní ni ìkòkò ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ihò, èyí tí wọ́n máa ń gbé ìkòkò ike sínú rẹ̀. Omi á ro sísàlẹ̀ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní rí i, gbòǹgbò á sì máa rà nínú ìkòkò tó lẹ́wà. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìkòkò ẹ̀ṣọ́ yín, ẹ máa yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí kan tí ẹ bomi rin ọ́kíìdì, kẹ́ ẹ da ohun tó wà níbẹ̀ nù.

Èkejì ni omi tó dúró sí ọkàn ọ́kíìdì, ibi tí ewé tuntun ti ń jáde. Bí omi bá sun ibẹ̀ mọ́jú, ọkàn náà lè rà, bí ọkàn bá sì ti rà, ọ́kíìdì yìí kò ní ibòmíràn tó máa gbà dàgbà sókè. Ọ̀kan tí mo ti tọ́ fún ọdún mẹ́ta lọ lọ́nà yìí. Mo fọ́n omi sí i lórí nírọ̀lẹ́ nítorí ooru, nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ewé àárín ti yọ sí mi lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, òwú kì í jìnnà sí mi tí mo bá ń bomi rin wọ́n. Ẹ fi òwú tàbí ṣónṣó bébà ìnuwọ́ fa omi ọkàn gbẹ lójú ẹsẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn omi, gbogbo gbòǹgbò ara ike gbọ́dọ̀ ti di àwọ̀ ewé. Bí apá kan bá ṣì jẹ́ fàdákà, omi ò dé ibẹ̀. Ewé tó rọ̀ tó sì rún wuruwuru kì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí pé omi ò tó. Gbòǹgbò tó ti rà kì í lè gbé omi dé ewé, ewé á sì máa rún bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó bá wá tìtorí ewé yẹn da omi sí i ló parí iṣẹ́ náà. Ẹ yọ ọ́ wò kẹ́ ẹ tó fún un lómi.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìmọ́lẹ̀

Ibi tí ojú èèyàn rí bí ibi tó mọ́lẹ̀ lè ṣókùnkùn fún ọ́kíìdì. Orí tábìlì àárín pálọ̀ kò tó. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kẹ́ ẹ gbé e sí, èyí tí oòrùn àárọ̀ ń wọlé gbà ló dáa jù, torí oòrùn àárọ̀ kì í jóni. Fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń kan tààrà nílò kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín.

Bí ẹ bá ní ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lórí fóònù yín, 10,000 sí 15,000 lux lójú ọ̀sán ni ẹ ń wá. Bí ẹ ò bá ní, ẹ na ọwọ́ yín sókè ewé, kó jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 30, ní ọ̀sán. Òjìji ọwọ́ tí etí rẹ̀ rí bàìbàì ni ẹ ń wá. Bí etí òjìji náà bá mú bí ẹni fi bíléèdì gé e, oòrùn ti pọ̀ jù. Bí kò bá sí òjìji rárá, òdòdó ò ní sí.

Ewé náà á tún sọ fún yín. Ewé ọ́kíìdì tó dùn ún wò jù, tó dúdú minimini, kì í sábà tanná, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ bí ewé tuntun ló ń so mọ́ òdòdó. Etí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ti dé góńgó. Ojú àpá funfun tó wá di dúdú, oòrùn ti jó o nìyẹn, àpá náà kò sì ní lọ mọ́. Ẹ fọwọ́ kan ewé lọ́sàn-án: bó bá gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ fà á sẹ́yìn lónìí, ẹ má dúró dọ̀la.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ewé tuntun tó ń jáde kò gbọdọ̀ gùn kó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sún un mọ́ fèrèsé sí i.

Ìgbésẹ̀ 6: Ajílẹ̀

Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ pín ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdá kan péré nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pò mọ́ omi. Ẹ lò ó ní ìgbà mẹ́ta nínú ìgbà mẹ́rin tí ẹ bá bomi rin ín. Ní ìgbà kẹrin, omi lásán ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣàn gba inú ẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, kó lè fọ iyọ̀ tó bá kù jáde. Ẹ má fi ajílẹ̀ fún gbòǹgbò tó gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ fún un lómi díẹ̀. Èyí tó ń ṣàìsàn kò nílò ajílẹ̀, títí ẹ ó fi rí ẹnu gbòǹgbò tuntun.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ jẹ́ kí ooru lọ sílẹ̀

Èyí ló ń mú ọ̀pá òdòdó yọ. Nígbà tí ọ̀sán bá ń kọjá 28°C lójoojúmọ́, ewé ni ọ́kíìdì yìí máa ń ṣe, kì í ronú òdòdó. Àwọn tó ń gbìn ín fún títà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń lò nìyẹn: inú ooru ni wọ́n ń tọ́ ọ sí títí ewé á fi tó, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó yọ ọ̀pá ni wọ́n ń jẹ́ kí ilé tutù.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Kí ọ̀sán wà láàárín 20°C sí 25°C, kí òru wà láàárín 16°C sí 18°C, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láìdáwọ́ dúró. Ẹ yan àsìkò tí ojú ọjọ́ tutù jù lọ́dún níbi tí ẹ wà, kẹ́ ẹ gbé e súnmọ́ fèrèsé tí ẹ ń ṣí sílẹ̀ lálẹ́, tàbí yàrá tí ẹ kì í fi iná gbóná. Níbi tí ooru ti ń mú ní gbogbo ọdún, yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kó má wà lójú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà tààrà.

Ibi tí ìtọ́sọ́nà púpọ̀ ti ń ṣi èèyàn lọ́nà nìyí: wọ́n á ní kí òru ṣáà ti tutù. Òru nìkan kò tó. Bí òru bá lọ sílẹ̀ sí 17°C tí ọ̀sán sì ń gun 30°C, ooru ọ̀sán máa ba iṣẹ́ òru jẹ́. Ẹni tó ń tan ẹ̀rọ amúlétutù lálẹ́ nìkan, tó ń pa á kó tó jáde láàárọ̀, tí yàrá sì ń gbóná bí ààrò títí di ìrọ̀lẹ́, á ṣe é fún oṣù mẹ́ta, kò ní rí nǹkan kan. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ tẹmómítà nìyẹn. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ewé gan-an, kì í ṣe ara ògiri lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ máa ka ìwọ̀n tó ga jù àti èyí tó lọ sílẹ̀ jù láràárọ̀.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ má jẹ́ kó lọ sí ìsàlẹ̀ 13°C, kí ewé má sì kan gíláàsì fèrèsé ní òru òtútù. Ní àkókò yìí, omi á máa pẹ́ kó tó gbẹ, torí náà ẹ túbọ̀ máa wo gbòǹgbò kẹ́ ẹ tó bomi rin ín. Ẹ má sì dín ìmọ́lẹ̀ kù. Òtútù láìsí ìmọ́lẹ̀ kì í mú òdòdó wá.

*Àyẹ̀wò:* Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, kókó tútù kékeré á yọrí láàárín ewé, ó sábà máa ń jẹ́ ìdí ewé kẹta tàbí ìkẹrin láti òkè. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí kò sí nǹkan kan, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 5 kẹ́ ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ ló sábà máa ń wà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ tọ́jú ọ̀pá tuntun títí yóò fi tanná

Ṣé ọ̀pá ni àbí gbòǹgbò? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n jọra. Orí gbòǹgbò rí roboto, ó ń dán, nígbà tó bá sì gùn díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á di fàdákà. Orí ọ̀pá òdòdó pẹlẹbẹ díẹ̀, ó ní ìpéle bí ìbọ̀wọ́ ọmọdé tí àtàǹpàkò rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo ara rẹ̀ á sì máa ní àwọ̀ ewé. Òkè ló ń kọjú sí, síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá dá a mọ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti ọjọ́ tí ọ̀pá bá ti yọ, ẹ má yí ìkòkò padà mọ́. Ọ̀pá ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀; bí ẹ bá ń yí i, á lọ́ bí ejò, òdòdó á kọjú síbi tó wù ú. Ẹ fi ìlà kan sára ìkòkò pẹ̀lú bírò, kẹ́ ẹ máa dá a padà bó ṣe wà lẹ́yìn omi. Nígbà tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ dè é wẹ́rẹ́ lábẹ́ oríkèé. Ẹ má fa á kó nà lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ó ń ṣẹ́ bí igi ẹ̀fọ́.

Láti ìgbà tó yọrí títí di òdòdó àkọ́kọ́ lè tó oṣù méjì sí mẹ́rin. Àárín àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ọkàn ti ń bàjẹ́, torí ìrudi tó ti wú, tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó là, lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kó sì já bọ́ ní òru ọjọ́ kan. Ohun tó ń fà á kò pọ̀:

Èso tó ti pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà nínú wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àti ápù ń tú atẹ́gùn kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, òun náà ló ń sọ fún ìrudi pé kó já bọ́. Ẹ má gbé ọ́kíìdì tó rudi sí ibi tí ẹ ń kó èso sí. Èéfín iná ìdáná náà kò dáa fún un. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù tàbí fáànù tó dojú kọ ọ́ tún wà níbẹ̀. Bákan náà ni kí gbòǹgbò gbẹ jù ní àkókò yìí, tàbí kí ẹ máa gbé e kiri láti yàrá kan sí òmíràn torí àlejò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí òdòdó méjì tàbí mẹ́ta là tán kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbi tó wù yín.

Ẹ máa wo ẹ̀yìn ewé àti ara ọ̀pá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kòkòrò funfun tó rí bí èérún òwú fẹ́ràn ìdí ìrudi gan-an. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì nu ún kúrò, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje, torí ẹyin tó kù máa pa. Ẹ má jẹ́ kí sípíríìtì kan òdòdó fúnra rẹ̀. Omi tó ń lẹ̀ bí oyin lára ọ̀pá kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti kòkòrò; ọ́kíìdì tó le dáadáa a máa sun irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti wá a káàkiri tí ẹ ò rí kòkòrò kankan, ẹ fi omi nu ún, kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ìrudi tó sún mọ́ ìdí ọ̀pá ló máa ń kọ́kọ́ là, ti orí ọ̀pá á sì máa tẹ̀ lé e. Bí ti ìdí bá ti là, tí ti òkè sì ń wú sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ. Ẹ kọ ọjọ́ tí èyí àkọ́kọ́ là sára ìkòkò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí ẹ fà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ka oṣù mẹ́rin sí márùn-ún sẹ́yìn láti ọjọ́ yẹn, àkókò tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ 7 nìyẹn.